Dúdú Sún Mọ́ Dúdú: Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ àti Ìdánwò Tí Ó Bí

Kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981. Dọ́là 1,565 ni wọ́n ń ta èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, mẹ́mórì inú rẹ̀ kò sì ju kílóbáìtì 16 lọ. Kò sí ẹ̀rọ dísìkì nínú rẹ̀, kò sì bá mọ́nítọ̀ wá. Ẹni tó bá rà á lè so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ó sì wá rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí yóò máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sí. Fọ́tò kan ṣoṣo tí à ń fi fóònù yà lónìí ti pọ̀ ju ohun tí gbogbo mẹ́mórì yẹn lè gbà lọ. Síbẹ̀, bí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá pàdé, irú ẹ̀rọ báyìí ni wọ́n máa ń rántí, tí wọ́n á sì máa ròyìn rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ọ̀rẹ́ ìgbà èwe.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí IBM, nítorí agbára òbí wọn kò ká a. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ZX Spectrum tó jáde ní 1982 wọ ọ̀pọ̀ ilé tí ọmọ wà. Pọ́n-ùn 125 ni wọ́n ń ta èyí tó ní kílóbáìtì 16. Ní Amẹ́ríkà, Commodore 64 ni. Inú kásẹ́ẹ̀tì lásán, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin, ni eré orí ZX Spectrum máa ń wà. Ọmọ náà á tẹ rédíò, kásẹ́ẹ̀tì á máa han bí kòkòrò, ìlà búlúù àti yẹ́lò á máa sáré létí tẹlifíṣọ̀n. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lè kọjá báyìí. Bí ìdọ̀tí bá wà lójú irin tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, ohun gbogbo lè dákẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ sùúrù nìyẹn, iṣẹ́ tí wọ́n wá ń ṣe lẹ́yìn náà kò sì ṣeé ṣe láìsí i.

IBM kò ṣe gbogbo ẹ̀yà ara PC rẹ̀ fúnra rẹ̀. Intel ni ó ṣe ọpọlọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 8088; ọwọ́ Microsoft ni ó ti gba DOS, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà. IBM tún tẹ ìwé kan jáde tó fi bí àwọn ẹ̀yà inú PC náà ṣe so kọ́ra hàn. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi ń ṣe irú rẹ̀, Compaq sì wà lára àwọn tó ṣíwájú. Owó kọ̀ǹpútà wálẹ̀, ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn dé. Bọ́ọ̀dù wá láti ilé iṣẹ́ kan, káàdì ohùn láti òmíràn, módẹ́mù láti ìkẹta, àwọn tó ṣe wọ́n kò sì mọra rí. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló ní láti ṣe alárinà láàárín wọn.

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni IRQ. Ó dà bí okùn agogo tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń fà nígbà tó bá fẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀rọ dá òun lóhùn. Okùn 8 ló wà nínú PC àkọ́kọ́. Nígbà tí PC AT dé ní 1984, wọ́n di 15 tó ṣeé lò. Okùn wọ̀nyí kò tó. Ihò COM1 àti COM3 ń pín IRQ 4 lò, COM2 àti COM4 sì ń pín IRQ 3. Bí máòsì bá wà lórí COM1, tí módẹ́mù wà lórí COM3, kò sí wàhálà títí ẹni náà á fi ní kí módẹ́mù pe fóònù. Bó ṣe ń pè é, máòsì á kú sójú kan. Ẹni tí kò mọ̀ á lọ ra máòsì tuntun, ìyẹn náà á tún kú. Ẹni tó mọ̀ á pa ẹ̀rọ, á tú súkúrù ẹ̀yìn rẹ̀, á yọ káàdì módẹ́mù, á sì ṣí jọ́ńpà kan nípò: ike tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, tí irin wà nínú rẹ̀. Tí jọ́ńpà bá já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wíwá rẹ̀ lè pẹ́ ju iṣẹ́ náà gan-an lọ.

Ìjà IRQ kì í pa ẹ̀rọ. Iná ló ń pa á. Nínú PC ìgbà yẹn, wáyà tó ń gbé iná wọ bọ́ọ̀dù pín sí orí méjì, P8 àti P9, wáyà 6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí méjèèjì jọra, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì ti ń wọlé. Ẹni tó bá ki P8 síbi P9, tó wá tan iná, lè jó bọ́ọ̀dù náà. Ohun tí ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: dúdú sún mọ́ dúdú. Wáyà dúdú ti P8 àti wáyà dúdú ti P9 gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn láàárín.

Mẹ́mórì náà ní ìyọnu tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ní mẹ́mórì tó pọ̀, kílóbáìtì 640 àkọ́kọ́ ni DOS ń fún àwọn ètò rẹ̀, inú ibẹ̀ náà sì ni ètò tó ń darí máòsì àti káàdì ohùn ti ń gba àyè. Títún fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ DOS, CONFIG.SYS àti AUTOEXEC.BAT, kọ kí eré kan lè rí àyè jókòó máa ń gba odidi ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó rí báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní irin ìtúsúkúrù lọ́wọ́ lè pe ara rẹ̀ ní onímọ̀, oníbàárà kò sì ní mọ̀ títí ẹ̀rọ rẹ̀ á fi jó. Novell àti Microsoft ní sátífíkéètì tiwọn, ṣùgbọ́n orí ọjà tiwọn ni wọ́n ti ń dán ènìyàn wò. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1982, tó wá ń jẹ́ CompTIA, gbé ìdánwò A+ jáde ní 1993. Kò so mọ́ ọjà ilé iṣẹ́ kankan. Ìdánwò méjì ni, a sì lè sọ pé àkọsílẹ̀ ìyà tí ẹ̀rọ ìgbà náà fi jẹ àwọn ènìyàn ni ohun tí wọ́n ń kà fún un: nọ́ńbà IRQ, irú ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, iye ìgbà tí bọ́ọ̀dù máa ń ké bí mẹ́mórì bá kọ iṣẹ́. Èyí tó lókìkí jù ni bí prínta lésà ṣe ń tẹ̀wé: a nu ìlù inú rẹ̀, a fi iná mànàmáná kùn ún, ìmọ́lẹ̀ lésà kọ̀wé sí i, ìyẹ̀fun dúdú lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹ̀fun bọ́ sórí bébà, ooru sì yọ́ ọ mọ́ bébà. Ẹni tó bá mọ ètò yìí lè wo bébà kan kí ó sọ ibi tí àìsàn prínta wà. Bí ìyẹ̀fun bá ń kúrò lára bébà bí a ti fọwọ́ kàn án, ooru kò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan ń há ìdáhùn sórí, wọ́n ń yege láì tú kọ̀ǹpútà kan rí. Sátífíkéètì wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo òtítọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ní Òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, níbi tí ọjà kọ̀ǹpútà ti gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, yàtọ̀ sí èyí: ọmọ iṣẹ́ jókòó ti ọ̀gá, ó ń tú tòkunbọ̀ ó ń dè é, títí yóò fi gba fírídọ̀mù. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí kò mọ ọ̀gá rẹ̀ kò ní ohun tí yóò wò kó tó gbà á. Ẹni tó ní méjèèjì ló sàn jù, àwọn àgbà tó ń rántí ìgbà náà sì sábà máa ń ní méjèèjì.

Windows 95 mú ètò kan dé tí ẹ̀rọ fi ń pín IRQ fúnra rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, àwọn onímọ̀ sì sọ ọ́ ní “tì í wọlé, kí o máa gbàdúrà.” USB tẹ̀ lé e, jọ́ńpà ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìbéèrè IRQ sì ń kúrò nínú ìdánwò díẹ̀díẹ̀, fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì àti ààbò gba ipò wọn. Bí a ṣe ń wá àìsàn ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀: kí a bi oníbàárà léèrè, kí a méfò ohun tó fà á, kí a dán an wò, kí a tún un ṣe, kí a rí i dájú pé ó ń ṣiṣẹ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2011, ọdún mẹ́ta ni A+ ń lò, lẹ́yìn náà a ní láti sọ ọ́ dọ̀tun. Òfin yìí kò kan àwọn tó yege ṣáájú. Títí ayé ni tiwọn. Lára wọn ni àwọn tó kàwé fún ìdánwò náà nígbà tí P8 àti P9 ṣì wà nínú ìwé, sátífíkéètì wọn kò sì ní ọjọ́ ìparí.