Ìdí Tí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Fi Ń Ju Ẹ̀ẹ̀kan Lọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, ní ìhà Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Akánrán. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá yóò ti máa bi wá pé: “Tíṣà, ṣebí ọmọ yìí ti gba abẹ́rẹ́, kí ni wọ́n tún ń pè wá padà sí?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ó yẹ kí a ní èsì tí ó yanjú fún un, nítorí ẹni tí kò rí èsì gbà kò ní padà lọ.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni láti fi àwòrán ọ̀tá han àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ wa, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá dé. Ṣùgbọ́n ohun méjì lè mú kí ẹ̀ẹ̀kan má tó.

Èkíní ni pé abẹ́rẹ́ ìṣáájú lè má ràn. Ẹ jẹ́ kí a wo ti èéyi. Nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 9 ni a ń fún un ní àkọ́kọ́. Ní àkókò náà, ààbò tí àwọn ọmọ kan gbà láti inú ìyá wọn lè ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ó sì sọ agbára abẹ́rẹ́ náà di aláìlera. Nítorí náà, nínú ọmọ 100 tí ó gbà á, bí 85 ni í ní ààbò, kò sì sí àmì tí ìyá lè fi mọ àwọn tí ó kù. A kò lè sọ pé kí gbogbo wọn dúró dàgbà, nítorí àwọn ọmọ kéékèèké ni èéyi ń pa jù. Ìdí nìyí tí a fi ń fún wọn ní ẹlẹ́ẹ̀kejì ní oṣù 15, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fi kún ètò rẹ̀ ní ọdún 1919+100, èyíinì ni 2019.

Èkejì ni pé ara a máa gbàgbé. Nígbà tí Edward Jenner bẹ̀rẹ̀ ìbupá fún ìgbóná ní 1796, ó gbà pé ẹ̀ẹ̀kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, ìgbóná tún ń mú àwọn àgbà tí a ti bupá fún ní kékeré. Nítorí náà ni òfin Jámánì ti 1874 fi pàṣẹ pé kí a tún un ṣe fún ọmọ tí ó bá pé ọdún 12. Ìgbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé, bí a ti kéde rẹ̀ ní 1980, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀.

Ipá ni ó kàn wá jù ní oko. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Ó ń bá ojú ọgbẹ́ àdá wọlé, ó sì ń bá ìwọ́ ọmọ tuntun wọlé bí a bá fi abẹ àìmọ́ gé e. Ẹni tí ó tilẹ̀ ṣe é tí ó yè kò ní ààbò nítorí èyí. Bí obìnrin bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ààbò náà a tó ọdún 3; ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ọdún 5; ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ọdún 10; ẹ̀ẹ̀márùn-ún, a kárí gbogbo ìgbà ìbímọ rẹ̀. Ẹni tí ó dúró lórí méjì nígbà oyún àkọ́kọ́, kí ó má ṣe rò pé yóò dé orí ọmọ kẹta.

Kì í ṣe gbogbo abẹ́rẹ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ti ibà pọ́njú, ẹyọ kan tó fún ọjọ́ ayé ẹni, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí ní 2013. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ẹnu lásán sọ pé “ẹ tún lọ gbà á”. Kí a bèèrè káàdì, kí a ka ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, kí a sì sọ èyí tí ó kù àti ìdí rẹ̀. Bí ọmọ tí ó ti gba ọ̀kan bá sì ṣe èéyi, kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn ará abúlé pe abẹ́rẹ́ náà ní omi lásán. Àgbẹ̀ tí ó ro àgbàdo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí koríko sì tún hù, kì í sọ ọkọ́ nù. Ó ń padà sí oko ni.