Géèmù ẹṣin orí íntánẹ́ẹ̀tì: Èwo nínú ẹṣin yín ló yẹ kí ẹ kọ́, èwo ló yẹ kí ẹ tà?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú géèmù Howrse, ẹṣin kan ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹṣin kan yóò fi di márùn-ún, tí márùn-ún yóò sì di ọgbọ̀n, nítorí pé abo ń bí, ọjà sì ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ oúnjẹ, ìtọ́jú àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lọ́wọ́ ẹni, ọgbọ̀n ẹṣin yóò gba wákàtí kan ààbọ̀. A kò tíì ka dátà tí fóònù ń jẹ mọ́ ọn.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè tó le jù nínú géèmù yìí kì í fi í ṣe bí a ṣe ń kọ́ ẹṣin, bí kò ṣe èwo ni ká kọ́.

Ilé iṣẹ́ Owlient ní ilẹ̀ Faransé ló gbé Howrse jáde lọ́dún 2005. Lọ́dún 2011 ni Ubisoft ra Owlient. A kì í sanwó ká tó ṣeré, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń kán lè fi owó gidi ra ohun tí yóò mú ẹṣin rẹ̀ dàgbà kíákíá. Owó tí a bá sì ná sórí ẹṣin tí kò ní láárí kì í padà wá. Òbí tó fi káàdì báǹkì rẹ̀ sórí fóònù tí ọmọ ń lò, kó má gbàgbé èyí.

Ẹni tí kò ná kọ́bọ̀ pàápàá ń ná àkókò. Ọjọ́ kan tiwa jẹ́ oṣù méjì fún ẹṣin inú géèmù, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́fà ló ń pé ọdún kan fún un. Kí ẹṣin tó di ọmọ ọdún 10, ẹ óò ti tọ́jú rẹ̀ fún 60 ọjọ́.

Kí ló yẹ kí ẹ wò lára ẹṣin?

Nǹkan mẹ́fà ni géèmù náà ń wọ̀n lára ẹṣin: ìfaradà, ìyára, ìgbọ́ràn sí ìjánu, eré àsápajúdé, ìrìn kánmọ́kánmọ́ àti fífò. Láti ọjọ́ ìbí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, èyí tí a lè pè ní ẹ̀bùn àbímọ́. Àròpọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò, òun náà ló sì ń tàn wọ́n jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹṣin méjì ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ní 500 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 3,000. Èkejì ní 600 nínú fífò, ìyára àti ìgbọ́ràn, ó sì ní 300 nínú mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 2,700. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ nìkan yóò mú èkíní. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta péré ni ìdíje kọ̀ọ̀kan ń lò, àwọn mẹ́ta tí ìdíje fífo ìdènà sì ń lò ni ìgbọ́ràn, fífò àti ìyára. Níbẹ̀, 1,800 ni ẹṣin kejì yóò gbé dé pápá, 1,500 sì ni ti èkíní. Ẹṣin tó mọ gbogbo nǹkan díẹ̀díẹ̀ kì í sábà gba ife ẹ̀yẹ.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta tó dára jù lára ẹṣin ni kí ẹ kọ́ ọ, kí ó sì jẹ́ mẹ́ta tó bá ìdíje kan náà mu. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ohun tí bàbá kọ́, ṣé ọmọ ń jogún rẹ̀?

Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ọmọ ẹṣin kì í jogún ohun tí àwọn òbí rẹ̀ kọ́. Ẹ̀bùn àbímọ́ wọn ló ń jogún. Síbẹ̀, géèmù náà tún fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní máàkì kan tí wọ́n ń pè ní BLUP, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òdo, ní -100, títí dé 100. Kí ẹṣin tó dé 100, ó gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 10, kó parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú nǹkan mẹ́ta tó mọ̀ jù, kó sì borí nínú ìdíje 20. Bí BLUP bàbá àti ìyá bá ṣe ga tó ni ẹ̀bùn ọmọ yóò ṣe pọ̀ tó.

Wọn kò hu orúkọ yìí látọkàn wọn. Charles Henderson, onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò tó ń jẹ́ BLUP kalẹ̀ láàárín ọ̀rúndún tó kọjá. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé akọ màlúù kì í fún ni ní wàrà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò fún àgbẹ̀ ní wàrà lọ́la. Báwo la ṣe máa mọ akọ tó dára? Ìdáhùn Henderson ni pé ká wo àwọn ìbátan rẹ̀, ìyá, arábìnrin àti ọmọ, ká sì yọ ipa oúnjẹ àti oko tí wọ́n gbé kúrò, kí ó lè ku ohun tó ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ilẹ̀ Faransé ń lo ìṣirò yìí fún àwọn ẹṣin tó ń fo ìdènà.

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ ká mọ̀. Nínú oko gidi, BLUP jẹ́ ìmọ̀ nípa ẹran ni. Bó bá lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ ẹran náà kò yí padà, àwa ni a túbọ̀ mọ̀ ọ́n. Géèmù náà ló sọ ìmọ̀ yẹn di agbára, tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi ń sun ọmọ tí a kò tíì bí dára sí i. Mo gbà pé ó mú eré náà dùn, ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ kankan má gbé e lọ sí oko.

Ta ni kó kúrò ní ibùso?

Ẹni tó fẹ́ dá ìran ẹṣin sílẹ̀ kò nílò akọ púpọ̀. Akọ kan lè gun ọ̀pọ̀ abo, nígbà tí abo yóò gbé oyún fún oṣù mọ́kànlá kó tó bí ẹyọ kan. Akọ méjì tàbí mẹ́ta tó ní ẹ̀bùn jù ni kí ẹ kọ́ dé BLUP 100. Àwọn abo tó bá wọn dọ́gba nínú nǹkan mẹ́ta yẹn ni kí ẹ kọ́ tẹ̀ lé wọn.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ kò ní irú àǹfààní báyìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin ogun, nítorí pé àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé níbi tí igbó bá ti ki. Nínú géèmù, kò sí eṣinṣin, àìnísùúrù nìkan ló wà.

Ọmọ tuntun tí ẹ̀bùn rẹ̀ kò bá ju ti ìyá rẹ̀ lọ, ẹ tà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ẹṣin tó bá sì ti dé 100 ti parí ẹ̀kọ́ tirẹ̀: ẹ fi í sílẹ̀ fún gígùn, kí ẹ gbé ìjánu lọ bá ọmọ rẹ̀.