Ohun Tí Ń Tọ́ Awakọ̀ Òfurufú Sọ́nà Nígbà Tí Ojú Kò Bá Ríran

Kò ṣòro fún awakọ̀ òfurufú láti dá Lókọ́ja, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kógí, mọ̀ ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere. Níbẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá bo ilẹ̀, tàbí tí òjò bá ṣú, odò méjèèjì a pòórá mọ́ ọn lójú. Rédíò ni yóò wá máa tọ́ ọ sọ́nà títí yóò fi gúnlẹ̀ ní pápákọ̀ tí ó ń lọ.

Oríṣi atọ́nà mẹ́ta ni ó lókìkí jù, agbára wọn kò sì dọ́gba. Èkíní ni NDB, tí ó jẹ́ àgbà láàárín wọn. Ẹ̀rọ tí a gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ a máa fọ́n ìró rédíò káàkiri, abẹ́rẹ́ inú ọkọ̀ a sì kọjú sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé bí àrá bá ń sán, abẹ́rẹ́ náà lè kọjú sí ibi tí ìjì wà. Èkejì ni VOR, tí ó ń la ọ̀nà 360 sójú òfurufú bí ìtànṣán oòrùn. Awakọ̀ yóò yan ọ̀kan, yóò sì tọ̀ ọ́. Àrá kì í fi bẹ́ẹ̀ da èyí láàmú.

Àwọn méjèèjì dàbí ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún ọlọ́kọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n tí kò sọ bí omi ti jìn tó. Ọlọ́kọ̀ ni yóò fi ọ̀pá rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bákan náà ni awakọ̀ òfurufú yóò fi aago ìwọ̀n gíga ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ILS, ni ó pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: ó ń sọ bí ọkọ̀ bá yà sí ọ̀tún tàbí òsì, ó sì ń sọ bí ó bá ga jù tàbí tí ó bá relẹ̀ jù, bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 3. Nítorí náà ni a fi ń gba ẹni tí ń lo ILS onípele kìíní láàyè láti sọ̀ kalẹ̀ dé 200 ẹsẹ̀ bàtà kí ó tó rí ilẹ̀. Ti NDB àti VOR sábà máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òde òní, sátẹ́láìtì ti ń gba iṣẹ́ NDB ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Síbẹ̀, kò sí èyí tí ó lè ṣe ìpinnu fún ènìyàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ọdún 2005, ọkọ̀ òfurufú Sosoliso tí ó gbéra láti Àbújá já ní Pọtakọ́tì. Nínú ènìyàn 110 tí ó wà nínú rẹ̀, 108 ni ó kú. 60 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit. ILS ni wọ́n ń lò. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìwọ̀n gíga tí ó yẹ kí ó ti pinnu, láìtíì rí pápákọ̀.

Àwọn àgbà ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Pọtakọ́tì wọ bàálù bọ̀ wálé fún ọdún, bí ọkọ̀ bá kù díẹ̀ kí ó kanlẹ̀, tí ó tún gbéra sókè, ẹ má ṣe bú awakọ̀. Kò tíì rí ilẹ̀ ni, ohun tí òfin sì ní kí ó ṣe ni ó ṣe yẹn.