Ẹni Tí Ń Wo Ẹ̀yìn Ọ̀nà

Ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ní 1950, Robert Schuman, mínísítà ilẹ̀ Faransé, dábàá pé kí ilẹ̀ òun àti Jámánì fi èédú àti irin sí abẹ́ àṣẹ kan, kí wọ́n má baà jagun mọ́. Láti ibẹ̀ ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ó ní orílẹ̀-èdè 27 lónìí, ti ṣẹ̀ wá.

Ta ni ń wo ẹ̀yìn ọ̀nà náà? Ibùdó ìwádìí kan tí ń jẹ́ orúkọ Schuman wà ní Florence, ní Ítálì, láti 1992. Àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ kì í ṣòfin. Wọ́n ń yẹ òfin wò lórí aṣíkiri, iná mànàmáná àti ìwé ìròyìn, wọ́n sì ń sọ ibi tí ó wọ́. Ó kù sọ́wọ́ aṣòfin láti gbọ́.