Títún Bàlúù Àtijọ́ Ṣe Nínú Gáréèjì Ilé

Láti ọdún 1938 títí di 1947, ilé-iṣẹ́ Piper tó wà ní ìlú Lock Haven, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe bàlúù kékeré elérò méjì kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ J-3 Cub, iye èyí tí wọ́n sì ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 20,000. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ti kọ́ bí a ṣe ń wa bàlúù kí wọ́n tó lọ sójú Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tó ṣẹ́kù lónìí ti di arúgbó, inú abà àgbẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń bá òmíràn nínú wọn, tí eruku ti bò ó, kí ẹnì kan tó rà á, kó tú u palẹ̀, kó sì kó o wá sí gáréèjì ilé rẹ̀ láti tún un ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ ọ a rò pé iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ ni yóò ju agbára aláàdáni lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Ohun tó fara pamọ́ sínú irin, àti àyẹ̀wò tí ẹni tó ṣiṣẹ́ kò lè ṣe fún ara rẹ̀, ni wàhálà ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ́ Cub ló jẹ́ kó ṣeé tún ṣe nínú ilé. Páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n jó pọ̀ ni egungun ara rẹ̀. Òpó igi spruce méjì, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù rọ́pò lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ló gbé ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ró, egungun ìhà tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe sì ń fún ìyẹ́ náà ní ìrísí. Aṣọ ni wọ́n wá fi bo gbogbo rẹ̀. Kò ní bátìrì, kò ní ohun tí ń ta ẹ́ńjìnnì jí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ kó tó dáhùn. Kódà, igi ìdérí tó léfòó nínú táǹkì, tí wáyà kan sì yọ lórí rẹ̀ síta níwájú awakọ̀, ni wọ́n fi ń mọ iye epo tó kù. Bí kò bá sí èrò àti epo nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílógíráàmù 345 lọ, bọ́ọ̀tì díẹ̀ ló sì so ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ara. Ara náà gùn tó mítà 6.8, nítorí náà ó lè wọ gáréèjì, bí ìdílé náà bá gbà kí mọ́tò máa sùn síta fún ọdún mélòó kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò gbogbo oríkèé, tí wọ́n sì ti so àmì mọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn a gé aṣọ àtijọ́ kúrò. Ìgbà yìí ni òótọ́ a tó hàn. Omi máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àwọn páìpù ìsàlẹ̀ tó lọ sí ìrù, àwọn eku tó tẹ́ ìtẹ́ sínú bàlúù a sì tún tọ̀ sí i, títí irin yóò fi dógùn-ún. Páìpù lè dán lójú kí inú rẹ̀ ti jẹ dànù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin ṣóńṣó gún un káàkiri. Ibi tó bá wọlé, wọn a gé e, ẹni tó mọ iṣẹ́ irin jíjó a sì jó tuntun mọ́ ọn. Èyí tó burú jù ni ọ̀pá tó ti ìyẹ́ mọ́ ara láti ìsàlẹ̀, nítorí inú ni òun ti máa ń jẹrà síta. Ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ láti àwọn ọdún 1990 pé kí wọ́n máa yẹ ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wò tàbí kí wọ́n fi èyí tí wọ́n dí pa pátápátá rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀pá yìí bá kán lókè, ìyẹ́ yóò ṣẹ́.

Iṣẹ́ aṣọ ni ó gba sùúrù jù, òun náà ló sì wuni jù láti wò. Òwú ni wọ́n ń lò nígbà láéláé, pẹ̀lú ọ̀dà kan tí ń jẹ́ dope, tó máa ń fún aṣọ bó ṣe ń gbẹ, ṣùgbọ́n oòrùn tètè ń pa òwú. Polyester ni wọ́n sábà máa ń lò báyìí, ooru ló sì ń fún un. Wọn a fi gọ́ọ̀mù lẹ etí aṣọ náà mọ́ egungun, kò sì ní le rárá. Nígbà náà ni wọn a wá gbé áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ lé e. Wọn a kọ́kọ́ lò ó ní 250 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 121 lórí ìwọ̀n Celsius, kí wọ́n tó gbé e dé 350, tí í ṣe nǹkan bí 177. Bó bá kọjá ibẹ̀, aṣọ a bẹ̀rẹ̀ sí dẹ̀, kò sì ní fún mọ́, nítorí náà wọn kì í gba ohun tó wà lójú áyọ́ọ̀nù gbọ́ láìfi ohun ìwọ̀n ooru dán an wò.

Níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ti ń fa aṣọ ìyẹ́ sókè nígbà tí bàlúù bá ń fò, gọ́ọ̀mù nìkan kò tó. Wọn a gbé ìyẹ́ dúró lórí etí rẹ̀, ẹni méjì a dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọn a sì máa ti abẹ́rẹ́ gígùn síra wọn láti inú aṣọ apá kan dé apá kejì, kí okùn lè yí egungun ìhà ká, wọn a sì ta á ní kókó lẹ́sẹẹsẹ. Ibi tí atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ dé ni kókó náà ti gbọ́dọ̀ súnmọ́ra jù. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà tí wọ́n po lúbúlúbú alumíníọ̀mù mọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí oòrùn dé ara aṣọ. Wọn a tan iná sẹ́yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti tó, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì ń là á já, wọn yóò tún un kùn.

Ẹ́ńjìnnì kò ní ìdààmú púpọ̀. Continental A-65 tó ní agbára ẹṣin 65 ló wọ́pọ̀ jù. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, púlọ́ọ̀gì méjì sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí iná lè máa ràn bí ọ̀kan bá kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbé e lọ fún ilé iṣẹ́ tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu.

Ọ̀rọ̀ òfin ló wá kù. FAA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fàyè gba oníbàlúù tó ní ìwé àṣẹ awakọ̀ láti pààrọ̀ ọ́ìlì, táyà àti púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, kó sì lẹ aṣọ tó ya díẹ̀, bí kò bá ti gba rírán mọ́ egungun ìhà. Ṣùgbọ́n pípààrọ̀ gbogbo aṣọ jẹ́ àtúnṣe ńlá lójú òfin. Oníbàlúù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, bí mẹkáníìkì tó ní ìwé ẹ̀rí bá ń bójú tó o, tí olùyẹ̀wò tó ní àṣẹ pàtàkì sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 337. Ó yẹ kí irú olùyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rí egungun bàlúù náà kí aṣọ tó bò ó. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pè é lẹ́yìn tí ọ̀dà ti gbẹ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá iṣẹ́ méjì. Ẹgbẹ́ EAA, tí Paul Poberezny dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lọ́dún 1953, ní àwọn àgbà oníṣẹ́ tí ń yọ̀ǹda ara wọn láti wá wo irú iṣẹ́ yìí nínú gáréèjì ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ̀ràn wọn kò sì rọ́pò ìbuwọ́lù ẹnikẹ́ni.

Ní òpin iṣẹ́, wọn a gbé táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé òṣùwọ̀n, nítorí ọ̀dà tó pọ̀ jù ní ìhà ìrù tó láti yí ibi tí ìwúwo rẹ̀ dúró sí padà. Kíkíyèsí ìwúwo yìí náà ló fà á tí ẹni tó bá ń dá Cub wà fi ń jókòó sí àga ẹ̀yìn.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú bàlúù bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ béèrè fún ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ kó tó dúnàá dúrà, nítorí irin tó bàjẹ́ ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó sọnù ṣòro láti wá. Bó bá sì jẹ́ pé fífò nìkan ló ń wù ú, kó ra èyí tó ń fò lọ́wọ́. Kì í sábà wọ́n tó owó tí títún ògbólógbòó ṣe máa ń jẹ.