Ọjọ́ Méjì àti Oṣù Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, tí ẹ ń kọ ìtàn iwin àti ẹbọra lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ yín, ẹ gbọ́ ti Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta. Mẹ́sẹ́ńjà ni ó jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, iṣẹ́ tí ìjókòó máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìrìn lọ. Ọjọ́ méjì péré ni ó fi kọ The Palm-Wine Drinkard dé òpin. Ṣùgbọ́n kò tíì gbé e fún atẹ̀wé; ó tún fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta bù kún un. Lójú tèmi, oṣù mẹ́ta yìí ni ó sọ àlọ́ di ìwé. Ní 1952 ni Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù; mẹ́sẹ́ńjà ni òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣì jẹ́.