Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó Rà Á: Bí Onímọ́tò Ṣe Ń Kọ́ Àtúnṣe Lọ́wọ́ Onímọ́tò

Ká ní Corolla 2005 kan wà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Bó bá dúró sójú kan, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá kan òkè, kò ní lè fà. Mẹkáníìkì kìíní ní púlọ́ọ̀gì ló ti kú. Wọ́n ra mẹ́rin, wọ́n fi sí i, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Èkejì ní pọ́ǹpù epo ni. Wọ́n ra pọ́ǹpù. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n lọ wá bréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ní ọjà Ládípọ̀. Nínú gbogbo ìnáwó yìí, kò tíì sí ẹni tó dán nǹkan kan wò. Àbá ni wọ́n ń dá, olówó mọ́tò ló sì ń sanwó rẹ̀.

Mi ò sọ èyí láti bú àwọn mẹkáníìkì wa. Àwọn kan wà nínú wọn tí etí wọn mú débi pé bí ẹ bá ti ń wọlé bọ̀ ni wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó tún Honda ṣe láàárọ̀, tó tún Mercedes ṣe lọ́sàn-án, tí dáńfó sì ń dúró dè é nírọ̀lẹ́, kò lè kó ìwà gbogbo wọn sórí. Olówó mọ́tò ní ẹyọ ọkọ̀ kan ṣoṣo láti kọ́. Bó bá wá rí àwọn mìíràn tó ní irú rẹ̀ gan-an, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp tàbí Facebook, bóyá Corolla ni wọ́n ní, bóyá Camry tí à ń pè ní Big Daddy tàbí Muscle, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló di tirẹ̀ láti lò.

Ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀yà kan náà tò, ibi kan náà ni wọ́n sábà máa ń ti bàjẹ́. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2003 sí 2008. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa á sọ fún yín pé àwọn ti ìṣáájú nínú ìran rẹ̀ máa ń jẹ ọ́ìlì. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí á máa yọ géèjì wò lópin ọ̀sẹ̀, á sì máa fi díẹ̀ kún un bó bá ti ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ á dúró de iná ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ọ́ìlì ò bá lágbára láti sáré káàkiri ẹ́ńjìnnì mọ́ ni iná yẹn máa ń tàn. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ báyìí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní 1966, ọdún tí Corolla àkọ́kọ́ jáde ní Japan, ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Haynes, gbé ìwé àtúnṣe mọ́tò jáde fún àwọn tó ní Austin-Healey Sprite. Ọ̀nà tirẹ̀ ni pé kí wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀, kí wọ́n tún un tò, kí wọ́n sì máa ya fọ́tò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Fóònù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lónìí, ó sì yẹ kó máa wà lọ́wọ́ yín: ẹ ya ohun gbogbo kí ẹ tó tú u.

Ṣùgbọ́n “irú ọkọ̀ kan náà” gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Orúkọ tó wà lẹ́yìn búùtù kò tó. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá dírẹ́bà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló máa ń jẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti tò ó. 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. 2, Kánádà ni. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ń sọ ọdún: 5 dúró fún 2005. Corolla tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1NX wá láti Fremont ní California, níbi tí Tesla ti ń ṣe mọ́tò báyìí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1 wá láti Cambridge ní Ontario. Corolla tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù lọ́dún kan náà lè gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ní wọ tiyín. Ẹ̀yà tí kò bá ọkọ̀ mu tí àwọn ènìyàn ń rà pọ̀ jù, nítorí pé ẹnì kankan ò kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yìí.

Ó wá kan iná ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996 ló ní ojú ìkíbọ̀ kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún dírẹ́bà, tó ní ihò 16. OBD-II ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè ki ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ELM327 bọ̀ ọ́, tí yóò bá fóònù yín sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth, kí kóòdù sì hàn lójú fóònù. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì àti jíà, òun lẹ sì máa rí jù.

Ibí ni kí ẹ ti farabalẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni kóòdù ń sọ. Kì í dárúkọ ẹ̀yà tó bàjẹ́. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún epo tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ pé róbà kan ti ya tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, tàbí pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí, tàbí pé pọ́ǹpù epo ò lágbára mọ́. Ẹni tó bá sáré lọ ra pọ́ǹpù ti fo ohun méjì tí kò náni ní nǹkan kan. P0455 ń sọ pé òórùn epo ń jò jáde. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí táńkì bóyá ó dé dáadáa. P0420 ń sọ pé kátálíìsì tó wà lójú ọ̀nà sáléńsà kò ṣiṣẹ́ tó, lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ sì rèé, ẹnì kan ti yọ ọ́ tà kó tó dé ọwọ́ yín. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tuntun tó lè tún ìyẹn ṣe.

Kóòdù ti Corolla wa yìí ni P0301: sílíńdà kìíní kò jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Púlọ́ọ̀gì lè fà á, kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná lè fà á, nọ́sù tó ń fín epo lè fà á, sílíńdà fúnra rẹ̀ sì lè fà á. Báwo la ṣe máa mọ̀ láìra nǹkan kan? Sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní kọ́ìlì tirẹ̀, irú kan náà sì ni wọ́n. Torí náà, a máa ṣí wọn nípò.

Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ yọ ike tó bo orí ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí kọ́ìlì mẹ́rin tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Sílíńdà kìíní ni èyí tó sún mọ́ ibi tí bẹ́líìtì wà. Bóòtù kan ṣoṣo ló di kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan mú, sípánà 10 ló ń tú u. Ẹ rọra tẹ etí orí wáyà kí ẹ tó fà á, nítorí ike tó ti ń jẹ iná láti ọdún yìí wá máa ń ṣẹ́ kíá. Ẹ fa kọ́ìlì kìíní yọ, kí ẹ fi sípò ìkejì, kí ẹ sì fi ìkejì sípò kìíní. Ẹ dè wọ́n padà, ẹ fi fóònù pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ náà yípo àdúgbò. Bí kóòdù bá padà, tó sì ti di P0302, àìsàn náà ti bá kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì náà ló bàjẹ́. Bó bá ṣì jẹ́ P0301, kọ́ìlì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ ṣe púlọ́ọ̀gì bákan náà. Bí ìyẹn náà kò bá yí i padà, nọ́sù àti sílíńdà ló kù, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá mú un lọ fún mẹkáníìkì, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà fún un. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú dípò kó tàn lásán, ẹ má wà á lọ síbìkankan, nítorí epo tí kò jó ń lọ ba kátálíìsì jẹ́.

Mo dúró pẹ́ lórí kọ́ìlì yìí nítorí pé òun gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní gba “lọ ra” lásán lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí a máa wọn ìdáhùn láàárín àwọn onímọ́tò ẹlẹgbẹ́ wa. Ènìyàn mẹ́wàá lè dárúkọ ẹ̀yà mẹ́wàá. Ẹ wá ẹni tó sọ bí ẹ ṣe máa dán an wò. Bí kò bá sọ, ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí tó fi hàn pé òun ni?” Ẹ̀yin náà ní láti fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fi ronú: ọdún ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, iye tó ti rìn, kóòdù gan-an, bóyá ìgbà tó tutù ló ń ṣe é tàbí ìgbà tó gbóná, àti gbogbo ohun tí ẹ ti pààrọ̀. “Ọkọ̀ mi ń gbọ̀n, kí ni kí n ṣe?” kò ní ìdáhùn.

Láti orí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ máa ń bọ́ sórí páàdì bíréèkì, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti di ti ẹ̀mí. Jáákì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò sí fún dídi ọkọ̀ mú. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ orí sábẹ́ ọkọ̀, kí ó gbé e ka ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún un, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó sì fi nǹkan dí táyà tó kù kó má baà yí. Búlọ́ọ̀kù ilé tí a máa ń rí lábẹ́ ọkọ̀ lójú títì lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìkìlọ̀. Bí ẹ bá tú kálípà, ẹ fi wáyà so ó rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi róbà bíréèkì rọ̀. Ọ̀tún àti òsì la máa ń pààrọ̀ pọ̀. Nọ́ọ̀tù táyà Corolla yìí gba sípánà 21, ìwọ̀n tí Toyota ní kí a dì í dé ni 103 Nm, sípánà oníwọ̀n ló sì ń sọ ìgbà tó bá pé. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń lọ dé ilẹ̀ pátápátá lẹ́yìn páàdì tuntun. Ẹni tó bá sì ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ó ní ẹni tó ti ṣe é rí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́tò àti fídíò kò lè mú yín lọ́wọ́.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí mo gbà pé kí a fi sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè tó wà nínú ìdarí ọkọ̀ jẹ́ ti èébàágì, ó sì lè bú gbàmù síni lójú. Gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù náà, ẹ fi sílẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dá, ìròyìn ló kù. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè láàárín àwọn onímọ́tò ló máa ń parí sí “ẹ ṣé, ó ti dáa,” láìsí ẹni tó mọ ohun tó mú un dáa. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Corolla 2005, 1ZZ-FE, P0301, mo ṣí kọ́ìlì kìíní sípò ìkejì, kóòdù di P0302, mo pààrọ̀ kọ́ìlì náà, iná kò tàn mọ́. Kí ẹ fi fọ́tò kọ́ìlì àtijọ́ tì í, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn dáadáa, kí ẹni tó ń lọ sí ọjà Arárọ̀mí ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọ̀la lè mọ ohun tó máa béèrè.